Onílé Wo Ni Kò Ní Gbà?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, pè mí lórí fóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ṣùgbọ́n a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Ó ní, "Àbúrò, mo ti rí ilé kan." Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, owó tí wọ́n sì ń tà á kéré gan-an sí owó àwọn ilé tó wà ní àdúgbò kejì. Ó fẹ́ rà á, kó tún un ṣe, kó sì gbé e fún ayálégbé. Ó fi fọ́tò mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́ sí mi.

Nínú fọ́tò kẹsàn-án, mo rí ìlà kan lára ògiri gáréèjì. Ìlà náà gún bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tó ti ṣá, ó sì ga dé orúnkún. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, "Omi ni. Ti Harvey ni. Má da ara rẹ láàmú, a máa kùn ún."

"A máa kùn ún" yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé ìwé ẹ̀kọ́ èdè ni ẹ ń kà, ẹ kò sì retí pé olùkọ́ yín máa wá sọ̀rọ̀ ògiri àti gọ́tà fún yín. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ló ń gbé ilé onílé, àwọn òbí àwọn mìíràn nínú yín ló sì ń ra irú ilé bẹ́ẹ̀ láti fi pawó. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín lápá ọ̀tún, ó kàn yín lápá òsì. Èrò tèmi rèé: kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn tún ilé tó wà ní agbègbè omíyalé ṣe kó lè rí èrè níbẹ̀. Ohun tó burú ni kó tún un ṣe fún ojú ẹni tó ń wò ó, kó gbàgbé omi.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, omíyalé. Ẹ tú u: omi, yà, ilé. Omi tó yà sílé ẹni, bí àlejò tó ń lọ síbòmíràn tó ní kí òun kí wa díẹ̀. Àgbàrá yàtọ̀ sí i. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀, tó ń wá ọ̀nà tó máa gbà. Àwọn àgbà ní, "Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un." A máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí wàhálà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà láti kọ̀ fún un. Mo fẹ́ràn òwe náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo fọ́tò kẹsàn-án, ó ṣe mí bíi pé òwe náà ti gba ohun kan gbọ́ tí kò sọ síta: ó gbà pé inú ilé náà ni onílé ń gbé.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ ọdún Ògùnpa. Ní Ìbàdàn, bí ẹ bá bi ìyá kan pé ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ rẹ̀, ó lè sọ fún yín pé wọ́n bí i ní ọdún tí Ògùnpa kún. Ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980 ni. Òjò rọ̀, rọ̀, rọ̀, odò Ògùnpa sì kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, ó ya wọ àárín ìlú, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn lọ. Oyún mi wà nínú ìyá mi nígbà náà. Onílé wọn ń gbé yàrá iwájú, àwọn òbí mi ń gbé yàrá ẹ̀yìn, omi kan náà ló sì lé gbogbo wọn gun orí tábìlì. Ìyá mi sọ pé lẹ́yìn náà, onílé yẹn mọ àtẹ̀gùn mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà níbi tí kò sí ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó sì gbẹ́ gọ́tà tó jìn débi pé ewúrẹ́ lè kó sí i. Kò sí ìjọba tó ní kó ṣe é. Omi ti kan bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ní gbé inú ilé tó fẹ́ rà. Ilé tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú sí ibẹ̀. Bí àgbàrá bá dé, orí fóònù ni yóò ti gbọ́. Onílé wo wá ni kò ní gbà?

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Houston, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí àwo, kò jìnnà sí òkun, amọ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Amọ̀ kì í tètè mu omi. Àwọn odò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bayou ló ń gbé omi òjò jáde ní ìlú. Bí òjò bá ju agbára wọn lọ, omi á padà sí àdúgbò. Ní Meyerland, lẹ́bàá Brays Bayou, àwọn ilé kan wà tí omi wọ̀ ní 2015, tó tún wọ̀ ní 2016, tó sì tún wọ̀ ní 2017. Ti 2017 yẹn ni Harvey. Ìjì náà gúnlẹ̀ sí etí òkun Texas ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń da omi sílẹ̀. Ní ìlú Nederland, òjò tó rọ̀ ju ínṣì 60 lọ, ìyẹn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ní Harris County nìkan, omi wọ ilé tó lé ní 150,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì sí lórí ibi tí máàpù pè ní agbègbè ewu.

Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn ìlú yẹn. Ẹ lè ra èlùbọ́, ẹ lè ran aṣọ ẹbí, ẹ lè gbọ́ ìwàásù ní Yorùbá láìkúrò ní òpópónà kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayálégbé ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e nítorí pé ó ń sọ èdè wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé apá yìí.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn tó ń ta ilé á sọ pé "omi ọgọ́rùn-ún ọdún" ni ti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń tan èèyàn. Ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé bí omi bá ti wá ní 2017, ó di 2117 kó tó tún padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kí omi dé ibẹ̀ ní ìgbà kan nínú 100, ọdún tó kọjá kò sì ní kí ọdún yìí má rí tirẹ̀. Bí ẹ bá ro ó fún 30 ọdún, tí í ṣe iye ọdún tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san gbèsè ilé, ó jẹ́ 26 nínú 100, ìyẹn ju ẹyọ kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú tó ní irú ewu bẹ́ẹ̀. N kò rò pé ẹ̀yin náà á wọ̀ ọ́.

Ó dára, ó ra ilé náà. N kò lè dí i lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ dí i lọ́wọ́. Àtúnṣe ló wá kàn.

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ẹni tó ń tún ilé ṣe ní agbègbè omíyalé gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí owó àtúnṣe bá tó ìdajì iye tí ilé náà tó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilé nìkan o, ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, wọn yóò kà á bí ilé tuntun. Wọ́n á ní kí onílé gbé ilẹ̀ ilé náà ga, ó kéré tán dé ibi tí máàpù sọ pé omi lè dé. Houston tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ilé tuntun ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju ibi tí "omi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún" lè dé. Láti gbé ilé odindi tí wọ́n kọ́ sórí kọnkéré sókè, owó rẹ̀ lè ju ti gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi tó 140,000 dọ́là láìka ilẹ̀ mọ́ ọn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 70,000. Agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ sọ pé 58,000 ni iṣẹ́ máa gbà. Lẹ́yìn tí oníná àti púlọ́ńbà wo inú ògiri, ó di 73,000. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A máa pín in sí méjì. Yàrá lọ́dún yìí, ilé ìdáná lọ́dún tó ń bọ̀." Mo sọ fún un pé àwọn ìlú kan máa ń ro ti ọdún yìí pọ̀ mọ́ ti ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun. A bára wa jiyàn títí oúnjẹ mi fi jóná.

Àwọn kan ń pe òfin yìí ní òfin ìkà. Fún ìyá àgbà tó ti gbé ilé rẹ̀ fún ogójì ọdún, tí kò ní ibòmíràn, ó le lóòótọ́, àánú irú wọn sì máa ń ṣe mí. Fún ẹni tó ń ra ilé rẹ̀ kẹta, kò le. Òun ló yan ilé yẹn, owó tó dín sì ni ìdí tó fi yàn án. Omi ló bá a dín owó náà. Kò wá lè gba ẹ̀dínwó omi, kó sì ṣe bí ẹni pé kò sí omi.

Níkẹyìn, ó gé iṣẹ́ kù, ó sì di 66,000. Ohun tó gé ni mo fẹ́ kí ẹ wò, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé èyí tí kò yẹ. Ó fẹ́ fi kẹ́bù iná sílẹ̀ bó ṣe wà, kó lè ra òkúta mábù dídán fún ilé ìdáná. Fọ́tò ló ń fa ayálégbé, mábù sì máa ń dùn wò nínú fọ́tò. Mo ní kó gé mábù.

Ògiri ni ẹ óò kọ́kọ́ rò. Sheetrock tí wọ́n fi ń bo ògiri níbí jẹ́ ẹfun tí wọ́n fi bébà bò níwájú àti lẹ́yìn. Ó máa ń fa omi sókè bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Omi lè má ga ju ínṣì mẹ́fà lọ nílẹ̀, kí ògiri sì ti rin gbindin dé òkè. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, ọmọdé tó ní àìsàn ikọ́ fée ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé omi lè padà kò ní fi bébà sí ìsàlẹ̀ ògiri. Pátákó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe wà, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè fọ̀ ọ́ kó sì gbẹ. Òwú tí wọ́n ń kì sínú ògiri nítorí ooru ń mu omi bíi kànrìnkàn. Fóòmù líle kan wà tí kì í mu ún. Tálì dára ju kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì dára ju pákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí gbogbo ẹni tó ń ra ilé tà ń tẹ́ sílẹ̀ báyìí. (Ẹ wo yíká yàrá yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi owó tẹ́tẹ́ lé e pé òun ni ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.)

Lẹ́yìn náà, iná. Àwọn ojú iná tí ẹ ń ki wáyà fóònù bọ̀ sábà máa ń wà nítòsí ilẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nínú ilé tí omi ti dé orúnkún rí? Gbígbé wọn sókè ju ìlà yẹn lọ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá nígbà tí ògiri bá ti ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti bo ògiri, ó di iṣẹ́ ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná àti ẹ̀rọ amúlétutù tó wà níta: ẹ gbé wọn sórí pèpéle. Ohun kan tún wà tí kì í hàn nínú fọ́tò rárá, fáàfù kékeré tí púlọ́ńbà ń fi sí páìpù ìdọ̀tí, kí omi ṣáláńgá gbogbo àdúgbò má bàa gba inú ilé ìwẹ̀ padà wọlé. Ẹni tó bá ti rí ohun tí mo ń sọ yìí rí kò ní bi mí pé èló ni.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì kò gùn, ṣùgbọ́n ó korò. Yorùbá ń pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní adójútòfò, èyí tó dójú ti òfò. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé òfò ta ni. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé ní Amẹ́ríkà. Ti ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Kì í san ju 250,000 dọ́là lọ fún ilé ìdílé kan, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ, nítorí náà ẹ kò lè rà á nígbà tí ìjì bá ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé tí onílé kò gbé inú rẹ̀ ń san àfikún 250 dọ́là lọ́dún, níbi tí ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ ń san 25. Owó ilé tí ayálégbé kò san nítorí omi, ìnṣọ́ránsì yìí kò ní san án padà. Bẹ́ẹ̀dì ayálégbé, kọ̀ǹpútà rẹ̀, àwọn ìwé rẹ̀, aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fún un, kò sí ọ̀kan nínú ìnṣọ́ránsì onílé. Ayálégbé gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì ní rà á bí kò bá mọ̀ pé omi ń wá síbẹ̀.

Ibi tí inú ti ń bí mi la dé yìí. Ní Texas, láti 2019, òfin ti fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń ta ilé sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á bí omi òjò tàbí omi odò bá ti ya wọ ilé náà rí. Ẹni tó ta ilé fún ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2022, òfin ti ní kí onílé náà sọ fún ayálégbé: ó gbọ́dọ̀ sọ bó bá mọ̀ pé ilé wà ní agbègbè omi ọgọ́rùn-ún ọdún, kó sì sọ bó bá mọ̀ pé omi ti ba ilé náà jẹ́ láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá. Ọdún márùn-ún péré. Ẹ ṣírò ó. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 fi máa parí, onílé kan ní Houston kò ní láti dárúkọ Harvey fún ayálégbé mọ́. Ẹni tó ní owó láti ra ilé ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju owó oṣù kan lọ, apá kékeré ló máa gbọ́. N kò mọ bí àwọn tó ṣe òfin ṣe rí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdàkejì ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ní bí gbogbo èèyàn bá sá fún irú ilé wọ̀nyí, wọ́n á jẹrà síbẹ̀, àdúgbò á sì bà jẹ́. Ó ní ilé orí ilẹ̀ gíga wọ́n, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè san án, ilé tó dín owó sàn fún un ju kó máa sùn ní pálọ̀ ìbátan lọ. Ó ní òun náà sùn ní pálọ̀ rí fún oṣù mọ́kànlá. Ó ní owó ilé kejì ló san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, èmi tí mò ń bá òun jiyàn yìí sì mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ayálégbé kò gbọdọ̀ mọ̀. Bí ilé náà bá sàn fún nọ́ọ̀sì ju pálọ̀ lọ, ẹ sọ fún un, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kó ra ìnṣọ́ránsì tirẹ̀, kó gbé àpótí ìwé rẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bó bá gbọ́ tó sì kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé ìdáhùn ẹ̀gbọ́n mi kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ parí ní oṣù kẹta. Ó fi sìmẹ́ńtì sí ìsàlẹ̀ ògiri, ó gbé ojú iná sókè, ó fi fáàfù sí páìpù. Kò gbé ẹ̀rọ amúlétutù sókè. Ó ní owó ti tán. Ó kun gáréèjì. Lórí ọ̀rọ̀ Harvey, ó ní òun yóò tẹ̀ lé òfin, òfin kò sì ní kí òun sọ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ilé náà jẹ́ nọ́ọ̀sì lóòótọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, òun àti ọmọ méjì. Ó rìn yíká, ó ṣí omi, ó pa á, ó wo ilé ìdáná tí kò ní mábù. Ní ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé omi ti wọ ibí rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì ló fi bi òun ni, òun ì bá ti mọ èsì tí òun máa fún un. Ó mú un lọ sí gáréèjì, ó fi ọwọ́ hàn án ibi tí ìlà náà dé tẹ́lẹ̀, lábẹ́ ọ̀dà funfun. Obìnrin náà wò ó, ó ní kó yọ 150 dọ́là kúrò nínú owó ilé lóṣooṣù, kó sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù yẹn sókè kí oṣù kẹfà tó dé. Wọ́n ti kó wọlé báyìí. Nígbàkigbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí, 150 dọ́là yẹn ló kọ́kọ́ máa ń sọ.